Ìdérí Tó Kọ̀ Tí Kò Ṣí

Ìwọ ọmọ ọmọ mi,

Mo gba pùláyà tí o fẹ́ fi ṣí ìdérí tẹlifóònù lọ́wọ́ rẹ ní Sátidé tó kọjá, mi ò sì sọ ìdí tí mo fi gbà á. Oúnjẹ ti délẹ̀, ebi ń pa ọ́, ọ̀rọ̀ gígùn kò bá àkókò náà mu. O bínú lọ, o fi tẹlifóònù dúdú náà sílẹ̀ sórí tábìlì mi. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wò ó.

O ní àwọn tó ń ṣe eré àgbéléwò ló gbé e fún ọ. Ìtàn inú eré wọn wáyé nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, wọ́n sì fẹ́ kí ọ̀gá kan gbé tẹlifóònù sétí lọ́fíìsì, kí ẹni tó wà ní yàrá kejì gbọ́ ohùn rẹ̀ lóòótọ́. Wọn ò fẹ́ kí òṣèré máa dá sọ̀rọ̀ sínú òkú ẹ̀rọ. Mo fẹ́ràn irú aájò bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ tí o fi mú un ni mi ò fẹ́ràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò dá ọ lẹ́bi púpọ̀. Fóònù tí ẹ̀yin ń tún ṣe ní ṣọ́ọ̀bù yín, gúlúù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ pa. Ẹni tó ṣe é kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí inú rẹ̀, ooru àti abẹ lẹ sì fi ń fipá wọlé. Èyí tó wà níwájú mi yìí, ẹni tó ṣe é ti rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ pé òṣìṣẹ́ kan yóò tú u léraléra kó tó kú. Bí kò bá wá ṣí mọ́, nǹkan kan ló kó sáàárín. Nǹkan yẹn ni kó o wá. Má bá ìdérí jà.

Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe iṣẹ́ yìí. Ọdún 1968 ni mo wọ P&T, ilé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ àti tẹlifóònù ìjọba. Nígbà tí wọ́n dá NITEL, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba, sílẹ̀ ní 1985, wọ́n kó wa sínú rẹ̀ bí ẹrù ẹni tó ń kó kúrò nílé. Mo fẹ̀yìntì ní 2000, ọdún kan ṣáájú kí GSM tó dé. Ohun tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí, iṣẹ́ ọwọ́ ni, kì í ṣe ìwàásù. Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ bá fẹ́ kà á, fún wọn.

1. Mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ.

Ilé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, GPO, ló gbé irú tìrẹ yìí jáde. 332 ni wọ́n ń pè é, ọdún 1937 ni ìran rẹ̀ jáde. Ọwọ́ rẹ̀ tí à ń gbé sétí, tí àwa nílé iṣẹ́ ń pè ní hánsẹ́ẹ̀tì, dàgbà ju ìdí rẹ̀ lọ. 164 ni nọ́ńbà rẹ̀, ó sì ti wà lórí tẹlifóònù 162 láti 1929. Lọ́dún 1937 kan náà ni Western Electric ti Amẹ́ríkà gbé 302 tiwọn jáde. Lójú ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ yìí, ọmọ ìyá ni wọ́n, ṣùgbọ́n má ra ìdérí ti ọ̀kan fún èkejì, ẹnu wọn kò bá ara wọn mu.

Bákẹ́láìtì ni wọ́n fi ṣe hánsẹ́ẹ̀tì náà. Leo Baekeland, ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù tó kó lọ sí Amẹ́ríkà, ló ṣe é jáde ní ìlú Yonkers ní 1907, ó sì gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1909. Ìyẹ̀fun igi ni wọ́n máa ń pò mọ́ ọn kó má baà rọrùn láti fọ́. Bó bá ti gan tán, ó gan náà nìyẹn, bí ẹyin tí a ti sè: kò sí iná tí yóò sọ ọ́ di olómi padà. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ooru tẹ ike, kò lè tẹ̀ fún yín. Yóò jó ni, tàbí kó sán. Ó lè lo ọgọ́ta ọdún lórí tábìlì láìní àlébù, kó wá bọ́ sórí símẹ́ńtì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó di mẹ́ta.

Bí ó bá ń ṣe ọ́ ní iyèméjì, fi àtàǹpàkò ra á kíkankíkan títí ibẹ̀ yóò fi móoru, kó o wá gbóòórùn rẹ̀. Òórùn kan wà níbẹ̀, ó korò díẹ̀, ó jọ ti ilé ìwòsàn láyé àtijọ́. Òórùn yẹn ni bákẹ́láìtì. 706 tó jáde ní 1959 kò ní in. Ike ni, ó fúyẹ́, ó sì ní oríṣiríṣi àwọ̀. Ohun tí mo máa sọ nípa epo àti ooru níwájú, má gbé e lọ bá ike láìrònú. Ohun tí àwọn obìnrin fi ń nu ọ̀dà èékánná kúrò, ẹ̀kán kan péré lè ba ojú ike jẹ́ títí ayé.

2. Béèrè ohun tó dì í mú.

Ìdérí etí, yíyí ni wọ́n ń yí i wọlé, bí ìdérí ìgò. Ti ẹnu, òmíràn ń yí bẹ́ẹ̀ náà, òmíràn ní ìkọ́ tó jẹ́ pé díẹ̀ lo máa yí i kó tó bọ́. Lára àwọn tó pẹ́ jù, o lè bá sùkúrúù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ẹ̀gbin ti dí ojú rẹ̀ débi tí o máa rò pé ara ọ̀ṣọ́ ni. Gbé tọ́ọ̀ṣì, gbé awò tí ń sọ nǹkan di ńlá, kó o wò ó yíká. Mo ti rí ọmọ iṣẹ́ kan tó bá irú ìdérí bẹ́ẹ̀ jìjàkadì láti àárọ̀ títí a fi jẹun ọ̀sán, sùkúrúù sì wà níbẹ̀ tó ń wò ó.

Bí kò bá sí sùkúrúù, nǹkan mẹ́rin ni mo ti bá pàdé.

Ẹ̀gbin ló pọ̀ jù. Wo ibi tí ìdérí etí ti pàdé ara hánsẹ́ẹ̀tì, wàá rí ìlà kan tó dà bí ọ̀dà, tí kò dúdú tó bákẹ́láìtì. Fi ṣóńṣó igi ìtayín fà á. Ohun tó máa tẹ̀lé e jáde máa rọ̀ díẹ̀ bí ìda oyin. Ìpara irun ni, òógùn ni, pàùdà ni, eruku harmattan ogójì ọdún ni. Akọ̀wé kan wà tí mo máa ń bá tún tirẹ̀ ṣe lọ́dọọdún. Kí n tó dé ìdí àga rẹ̀ ni mo ti máa ń mọ irú pomédì tó ń lò lọ́dún náà. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá gbẹ sínú tẹ́ẹ̀dì ìdérí, àwọn ìlà tó fi ń yí wọlé, kò yàtọ̀ sí gúlúù.

Èkejì ni ìpẹtà. Bákẹ́láìtì kì í dógùn-ún, ṣùgbọ́n idẹ àti irin tó wà nínú rẹ̀ ń dógùn-ún, èémí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sì ń wọlé lójoojúmọ́ láti ẹnu. Èyí tó bá ti gbé etíkun rí, bí àwọn ọ́fíìsì ìhà Marina ní Èkó, wàá bá ohun aláwọ̀ ewé lára idẹ rẹ̀. Ìyẹn gba sùúrù ju ẹ̀gbin lọ.

Ẹ̀kẹta ni yíyí tí kò gún. Ẹnìkan ti dé e ní wíwọ́ nígbà kan rí, tẹ́ẹ̀dì kò bá ara wọn, ó sì fipá parí rẹ̀. Gbé hánsẹ́ẹ̀tì sókè sí ojú fèrèsé, kó o wo àlàfo tó wà láàárín ìdérí àti ara. Bí apá kan bá fẹ̀ ju apá kejì lọ, o ti rí i. Irú èyí, epo kò ní ràn án lọ́wọ́ púpọ̀. Ọ̀nà tó gbà wọlé náà ló máa gbà jáde, díẹ̀díẹ̀, síwá sẹ́yìn.

Ẹ̀kẹrin ni gúlúù fúnra rẹ̀. Tẹlifóònù ìta gbangba, wọ́n máa ń lẹ ìdérí rẹ̀ pa kí olè má baà kó ohun inú rẹ̀ lọ. Bí tìrẹ bá ti ibẹ̀ wá, lọ ka ìmọ̀ràn kẹsàn-án kó o tó ṣe ohunkóhun.

Mo gbàgbé àwọn kòkòrò. Aáyán fẹ́ràn ibi tó gbóná tó sì ṣókùnkùn, agbọ́n tó ń fi ẹrẹ̀ kọ́lé náà sì fẹ́ràn ihò ìdérí ẹnu. Wọn kì í di ìdérí mú, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí o bá ṣí i, jókòó jìnnà díẹ̀.

3. Mọ ibi tí ò ń yí i sí.

Ẹ máa ń pa á lówe pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yẹn kò tú tẹlifóònù rí. O lè fẹ̀sọ̀ yí ìdérí sí ibi tí kò tọ́ fún wákàtí mẹ́ta. Ńṣe ni yóò máa le sí i, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀sọ̀ rẹ. Kọjú ìdérí sí ara rẹ, kí o máa wo ihò rẹ̀ gan-an, kó o yí i sí òsì. Bí o bá wá dojú hánsẹ́ẹ̀tì bolẹ̀, òsì ti di ọ̀tún nìyẹn, ibẹ̀ sì ni àwọn ọmọ iṣẹ́ ti máa ń sọnù. Mo máa ń ní kí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì fa ọfà sára rẹ̀.

Kó o tó tú u, kọ́kọ́ gbìyànjú láti dè é sí i, bí ìbú irun orí kan. Bó bá mì, bó ti wù kó kéré mọ, ẹ̀gbin inú rẹ̀ ti sán. Ìgbà yẹn ni kó o tó yí i sí òsì.

4. Pùláyà kò sí níbẹ̀.

Ìdí tí mo fi gba pùláyà lọ́wọ́ rẹ nìyí. Oṣù kẹta tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni. Wọ́n rán èmi àti ọ̀gá mi lọ sí ọ́fíìsì ìjọba kan, ọ̀gá àgbà ibẹ̀ kò gbọ́ ohùn nínú tẹlifóònù rẹ̀. Ọ̀gá mi lọ wo ibi tí wáyà ti wọlé lẹ́yìn ilé, ó ní kí n máa ṣí ìdérí etí. Kò ṣí. Ọ̀gá àgbà wà níbẹ̀, ó ń wò mí látòkè awò ojú rẹ̀, òógùn sì bò mí. Mo yọ pùláyà ńlá, mo fi aṣọ wé ìdérí náà kí ojú rẹ̀ má baà họ, mo fún un. Ó dún bí ìgbà tí ènìyàn bá fi eyín fọ́ egungun adìẹ. Ìdérí náà di mẹ́ta lọ́wọ́ mi, tẹ́ẹ̀dì ara hánsẹ́ẹ̀tì náà sì ta fẹ́ẹ́rẹ́ kan kúrò, tó jẹ́ pé kò sí ìdérí mìíràn tó tún lè dúró lórí rẹ̀ dáadáa.

Nígbà tí ọ̀gá mi wọlé padà, kò pariwo. Ó ṣa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó kó wọn sínú àpò àyà ẹ̀wù mi, ó ní kí n máa gbé wọn kiri títí oṣù á fi parí. Bí mo bá tẹ̀, wọ́n á gún mi. Wọ́n tún yọ owó rẹ̀ nínú owó oṣù mi, ìyẹn ló dùn mí jù nígbà náà.

Ọdún púpọ̀ kọjá kó tó yé mi ohun tí pùláyà náà ṣe. Ibi méjì péré ni ẹnu rẹ̀ ti ń fún ìdérí. Ìdérí tó jẹ́ róbótó wá di bí ẹyin, ibi tó súnkì sí ń gé tẹ́ẹ̀dì mọ́lẹ̀ sí i. Bí o bá ṣe ń fún un tó ni ò ń tì í pa tó. Àní ọwọ́ lásán tó bá lágbára jù lè ṣe bẹ́ẹ̀. Aṣọ tí mo wé kò wúlò fún nǹkan kan. Ó gba ìdérí lọ́wọ́ ìhọ, kò gbà á lọ́wọ́ ìfúnpọ̀.

Ohun tí o nílò ni ohun tí yóò di gbogbo àyíká rẹ̀ mú lẹ́ẹ̀kan náà. Gé tíúùbù kẹ̀kẹ́ tó ti gbó, tó gùn tó apá. Fọ̀ ọ́ kí pàùdà inú rẹ̀ kúrò, kó o gbẹ ẹ́. Wé e mọ́ ìdérí lẹ́ẹ̀mejì, kí o fà á le síhà tí o fẹ́ yí i sí, kí o wá fi àtẹ́lẹwọ́ pẹlẹbẹ lé e lórí, kí o tẹ̀ ẹ́, kí o yí. Má jẹ́ kí ìka rẹ fún un. Ara hánsẹ́ẹ̀tì, kí ó wà láàárín itan rẹ lórí aṣọ tó nípọn, má sì dì í mú níbi tó ti tínrín láàárín. Ibẹ̀ ló máa ń kán sí. Ibi tó sún mọ́ ìdérí ni kó o ti dì í mú.

5. Ooru kọ́kọ́ lọ, epo tẹ̀lé e.

Má pa wọ́n pọ̀, má sì yí ètò wọn padà. Bí kẹrosíìnì bá ti wà lára rẹ̀, iná kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn.

Ooru tí mo ń sọ, kì í ṣe ti àbẹ́là, kì í ṣe ti sítóòfù. Rẹ aṣọ ìnujú sínú omi gbígbóná, fún un gbẹ, kó o dì í sínú ọ̀rá kí omi má baà kan bákẹ́láìtì, kó o wá fi wé ìdérí nìkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ̀rọ tí àwọn onídìrí fi ń gbẹ irun náà dára, bí o bá gbé e jìnnà tó ìbú ẹsẹ̀ kan. Ìdí rẹ̀ ni pé ìdérí tó wà lóde yóò móoru kí ti inú tó mọ̀, yóò fẹ̀ díẹ̀, ẹ̀gbin àárín á sì rọ̀. Bí o bá jẹ́ kí ooru pẹ́ títí ó fi dé inú, àwọn méjèèjì á jọ fẹ̀, ibi tí o ti bẹ̀rẹ̀ lo padà sí yẹn. Yí i nígbà tó ṣì gbóná lóde.

Má kì í bọ omi láéláé. Mo ti sọ pé ìyẹ̀fun igi wà nínú rẹ̀. Níbi tí dídán rẹ̀ bá ti parẹ́, igi yẹn ń mu omi, ojú rẹ̀ á sì ṣá bí ojú ẹja àná. Má fi sáńdìpépà fá a náà. Wọ́n po asbestos mọ́ àwọn bákẹ́láìtì kan láyé ìgbà yẹn, eruku rẹ̀ kì í sì í ṣe ohun tí à ń fà símú.

Bí ooru kò bá ṣe é, ó kan epo. Lónìí, ẹ ní WD-40 nínú agolo. Tiwa ni kẹrosíìnì tí a fi epo ẹ́ńjínì díẹ̀ là. Èyíkéyìí tí o bá lò, má fọ́n ọn. Fi orí abẹ́rẹ́ mú un, kó o máa tò ó sí ìlà tí ìdérí ti pàdé ara, ẹ̀kán kan níhìn-ín, ẹ̀kán kan lọ́hùn-ún, yíká. Ẹ̀yà etí, dojú rẹ̀ bolẹ̀ kí epo lè máa ṣàn wọ inú tẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀yà ẹnu, gbójú rẹ̀ sókè, kí o lo ìlàjì ohun tí o lò fún etí. Epo á gun òkè díẹ̀ fúnra rẹ̀, bí ó ti ń gun òwú àtùpà, kò sì ní ṣàn dé inú. Èédú ló wà nínú ẹnu, èédú tó bá mu epo kò ní sọ̀rọ̀ mọ́.

Fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Mo mọ̀ pé èyí ló máa nira fún ọ jù. Lówùúrọ̀, fi èèkù onígi sukudiráfà kan ẹ̀gbẹ́ ìdérí yíká, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn àna rẹ̀. Lẹ́yìn náà, tíúùbù.

6. Bí etí bá ti ṣí, má wá nǹkan fi hú u.

Àwo irin pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀, ó tínrín bí èékánná, òòfà ló dì í mú. Kò sí sùkúrúù, kò sí gúlúù, síbẹ̀ ó lè mọ́ ibẹ̀ bí ẹni pé wọ́n kàn án mọ́ ọn. Gbogbo ọmọ tuntun ló ń ki orí sukudiráfà sábẹ́ rẹ̀. Bó bá ti tẹ̀, ohùn tó máa jáde níbẹ̀ yóò dà bí ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú kòtò. Fi ìka tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó yọ́ jáde; òòfà kò bìkítà bí o bá tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, fífà á sókè ló máa ń bá ọ jà fún. Lẹ́yìn náà, nu orí òòfà, nítorí eruku irin tó wà lórí rẹ̀ máa ń pọ̀. Má jẹ́ kí òòfà náà bọ́ sílẹ̀, agbára rẹ̀ á dín kù.

7. Ẹnu: gbọ́ ọ kó o tó ṣí i.

Gbé hánsẹ́ẹ̀tì sétí, kó o mì í. Ó yẹ kó o gbọ́ ṣìrìṣìrì, bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tí ọmọdé ń fi ṣeré nínú yàrá kejì. Hóró èédú ni. Thomas Edison ló fi èédú sẹ́nu tẹlifóònù, ní nǹkan bí 1877. Lọ́dún kejì, àlùfáà ìjọ kan ní Yorkshire, Henry Hunnings, rò ó pé kí wọ́n lọ̀ ọ́ sí hóró wẹ́wẹ́. Inú mi máa ń dùn sí i pé oníwàásù ló ṣe é, torí ẹni tó ń wàásù ló mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe nira láti dé ẹ̀yìn ìjọ. Bí ohùn bá kan hóró wọ̀nyí, wọ́n á sún mọ́ra, wọ́n á tún túká, iná tó ń gba inú wọn kọjá á sì máa pọ̀, á máa dín, gẹ́gẹ́ bí ohùn ṣe ń lọ. Kò sí ohun mìíràn níbẹ̀.

Bí o kò bá gbọ́ ṣìrìṣìrì, hóró ti lẹ̀ mọ́ra. Ọ̀rinrin ló ṣe é. Tẹlifóònù náà á máa gbọ́, kò ní lè sọ. Má tú àgólò èédú náà. Wọ́n dì í pa ni, bí o bá sì tú u, ilẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ máa lọ. Fi í sílẹ̀ sínú oòrùn àárọ̀ fún ọjọ́ kan, kó o wá máa gbá a mọ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ, ní ìdúró, ní ìdùbúlẹ̀, ní ìdojúbolẹ̀. Àwọn ọ̀gá ọ́fíìsì àtijọ́ tí ẹ máa ń rí nínú fíìmù, tí wọ́n ń fi hánsẹ́ẹ̀tì gbá tábìlì, gbogbo wọn kọ́ ni inú ń bí. Àwọn mìíràn ń tú èédú ni. Sọ ìyẹn fún olùdarí eré rẹ.

8. Wáyà.

Fi fóònù alágbèéká rẹ ya àwòrán gbogbo rẹ̀ kó o tó tú ọ̀kan. A kò ní irú ẹ̀ nígbà tiwa. Ìwé àti pẹ́ńsù la fi ń yà á, òógùn á sì ti pa á rẹ́ kó o tó parí. Orí sùkúrúù inú rẹ̀, idẹ ni, ó rọ̀. Sukudiráfà tó bá kéré ju ojú rẹ̀ lọ á jẹ ẹ́ lójú. Pọ́n ọ̀kan tó kún ojú rẹ̀ gẹ́lẹ́, tẹ̀ ẹ́ ju bí o ṣe ń yí i lọ. Okùn olówùú tó wà lára rẹ̀, má fà á. Inú rẹ̀ ti gbó ju òde lọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ kó o so ó mọ́ ìlà gidi lọ́jọ́ kan, rántí pé iná wà nínú ìlà náà, nǹkan bíi 50 fóòtì, bó bá sì ń dún, ó ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Mo di orí wáyà méjèèjì mú lórí òpó nígbà kan, ọ̀pírétọ̀ kan sì pe nọ́ńbà náà. Mi ò jábọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó wà nílẹ̀ sọ pé mo dáhùn.

9. Bó bá kọ̀ pátápátá.

Ṣé dandan ni kó ṣí? Béèrè ìyẹn lọ́wọ́ ara rẹ lákọ̀ọ́kọ́. Èyí tí wọ́n kàn fẹ́ gbé sórí tábìlì fún ìwòran, fi í sílẹ̀. Nu ojú rẹ̀, ó tó. Mo ti rí ohun rere púpọ̀ tó bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó kàn fẹ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Bó bá jẹ́ dandan, bíi tìrẹ yìí, tí ooru ti lọ lẹ́ẹ̀mẹta, tí epo ti lọ lẹ́ẹ̀mẹta, ọ̀kan ní láti kú nínú ìdérí àti ara hánsẹ́ẹ̀tì. Jẹ́ kó jẹ́ ìdérí. Ìdérí àlòkù ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tó ń kó tẹlifóònù àtijọ́ jọ ní Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ tó wà níbẹ̀ lè bá ọ wá a. Ṣùgbọ́n tẹ́ẹ̀dì ara hánsẹ́ẹ̀tì, bó bá ti ta, kò sẹ́ni tó lè dá a padà. Fi ayùn irin tín-ín-rín rẹ́ ìdérí láti ètí rẹ̀ wọlé, pẹ̀lú ìbòmú, dúró kó o tó kan tẹ́ẹ̀dì ìsàlẹ̀, kó o wá fi orí sukudiráfà yí ojú ibi tí o rẹ́ náà díẹ̀. Á sán fúnra rẹ̀ níbi tí o fẹ́ kó ti sán. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ láyé mi.

10. Nígbà tí o bá ń dé e padà.

Fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó fọ tẹ́ẹ̀dì méjèèjì ní gbígbẹ. Fi pẹ́ńsù tó rọ̀ kun tẹ́ẹ̀dì ìdérí títí á fi dán. Lẹ́ẹ̀dì pẹ́ńsù kì í gbẹ, kì í sì í fa eruku bí epo. Gbé ìdérí lé e, kọ́kọ́ yí i sí òsì títí wàá fi gbọ́ tó jábọ́ sí ipò rẹ̀, *kọ̀*, kó o tó yí i sí ọ̀tún. Bí o bá gbọ́ *kọ̀* yẹn, tẹ́ẹ̀dì ti bá ara wọn. Dé e dé ibi tí ìka méjì bá lè dé e dé, dúró níbẹ̀.

Fún eré yín, ẹ kò nílò ìlà kankan. So hánsẹ́ẹ̀tì méjì pọ̀ ní òbírípo kan, ẹnu àti etí wọn lórí wáyà kan náà, kí bátìrì fóòtì 9 wà láàárín. Wáyà méjì láti yàrá kan dé èkejì, ó parí. Tèmi tí mo gbé wálé nígbà tí mo fẹ̀yìntì ṣì wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, òun ló máa jẹ́ èkejì.

Ẹnu tìrẹ ti ṣí ní Túsìdeè, lẹ́yìn aṣọ gbígbóná ẹ̀ẹ̀kejì. Èédú rẹ̀ ń dún dáadáa. Etí ni kò tíì gbà. Mo to epo sí i lálẹ́ àná, ó dojú bolẹ̀ sórí aṣọ àlòkù létí fèrèsé, mi ò sì ní fọwọ́ kàn án títí wàá fi dé. Tíúùbù kẹ̀kẹ́ wà nínú àpótí iṣẹ́ mi, mo ti gé e. Bí o bá ń wá pùláyà rẹ, ó wà lọ́wọ́ ìyá rẹ àgbà ní ilé ìdáná; ó ní òun kò rí ohun tó dára tó o rí fún gbígbé ìkòkò kúrò lórí iná, nítorí náà, ra òmíràn.